Báǹkì Fẹ́ Ti Akáǹtì Mọ́sáláṣí Wa Nítorí Ìfura: Kí Ni Ká Ṣe?

Ìbéèrè: Èmi ni akọ̀wé jàmáà Yorùbá kan ní London. Báǹkì kọ̀wé pé òun yóò ti akáǹtì mọ́sáláṣí wa, kò sì sọ ìdí. Wọ́n ń sọ kiri pé ìjọba fura pé à ń bá àwọn agbawèrèmẹ́sìn ṣe. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wá àkọsílẹ̀ tí báǹkì gbára lé, nítorí pé àwọn báǹkì a máa ra àkójọ orúkọ àwọn tí wọ́n kà sí eléwu lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn, àṣìṣe sì lè wà nínú rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mọ́sáláṣí Finsbury Park ní London nìyẹn. Oníwàásù kan tó ń jẹ́ Abu Hamza ti wàásù ìkórìíra níbẹ̀ láti 1997, àwọn ọlọ́pàá ya wọ ibẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2003, àwọn alábòójútó tuntun sì gba ibẹ̀ ní 2005, wọ́n tún un ṣe. Síbẹ̀, báǹkì HSBC kọ̀wé sí wọn ní 2014 pé òun yóò ti akáǹtì wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé World-Check, àkójọ orúkọ tí ilé-iṣẹ́ Thomson Reuters ń tà fún àwọn báǹkì nígbà náà, ti kọ mọ́sáláṣí náà sábẹ́ ìgbésùnmọ̀mí. Wọ́n pe Thomson Reuters lẹ́jọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì ní ilé ẹjọ́ gíga, ó sì san £10,000 owó gbà-má-bínú àti owó ẹjọ́. Ó dùn mí pé àwọn tó lé aburú jáde ni wọ́n tún ń di ẹrù rẹ̀ lé lórí.

Nítorí náà, ẹ kọ̀wé ẹ̀hónú sí báǹkì. Bí kò bá fún yín ní ìdáhùn tó tẹ́ yín lọ́rùn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, tí owó tó ń wọlé fún yín lọ́dún kò sì tó £6.5 mílíọ̀nù, ẹ lè gbé e lọ sí Financial Ombudsman Service, àjọ tó ń parí aáwọ̀ láàárín báǹkì àti oníbàárà, lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin tún fún ènìyàn láyè láti béèrè ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fún ẹgbẹ́ ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Alábòójútó kọ̀ọ̀kan ni yóò kọ̀wé lórúkọ ara rẹ̀. Ẹ tètè rí agbẹjọ́rò, torí ọdún kan péré ni òfin fi sílẹ̀ fún ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí jù fún àwọn jàmáà wa ni owó tí a ń fi ránṣẹ́ sílé láti kọ́ mọ́sáláṣí tàbí gbẹ́ kànga. Bí ẹnì kan bá gbé e lọ lọ́wọ́, tí kò sí rìsíìtì, tí a kò sì lè sọ ẹni tó gbà á, kí ni ẹ ó sọ bí Charity Commission, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, bá béèrè? Ẹ kó ìwé ìnáwó jọ, pẹ̀lú orúkọ gbogbo àlejò tó bá wàásù àti ẹni tó pè é. Ẹ má pa ìwé kankan rẹ́, kódà èyí tó tì yín lójú.

Bí ẹ bá sì gbọ́ nípa ètò ìkọlù kan, ó pọn dandan kí ẹ sọ fún ọlọ́pàá. Ẹni tó mọ̀ tó dákẹ́ láìní ìdí gidi lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Ní báyìí, ẹ wá báǹkì mìíràn kí ọjọ́ tó pé. Ẹ má jẹ́ kí owó jàmáà wọ akáǹtì ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ Lémọ́ọ̀mù pàápàá, nítorí pé ìyẹn gan-an ni yóò mú ìfura náà le sí i.