Èsì: Èèrà lórí àpáta gbígbóná

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè ohun tó ń jẹ́ kí èèrà máa sáré lórí àpáta Sóbì ní Ìlọrin lọ́sàn-án gangan, níbi tí ẹsẹ̀ tiwa kò ti lè dúró. Inú sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara, ni ìdáhùn wà. Purotéènì, èròjà tó ń ṣe iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì, dà bí aṣọ tí a ká dáadáa. Bí ooru bá pọ̀ jù, á tú, á sì lẹ̀ pọ̀ gbagidi bí funfun ẹyin nínú epo gbígbóná. Kòkòrò wá ń ṣe purotéènì mìíràn, Hsp70, tó ń di èyí tó ń tú mú, tó sì ń bá a ká ara rẹ̀ padà. Ti èèrà aṣálẹ̀ Sàhárà, Cataglyphis, ló wú mi lórí jù: kò dúró kí ooru dé, inú ihò ló ti ń ṣe Hsp70 sílẹ̀ kó tó jáde!

Ti òtútù yàtọ̀: glycerol, èròjà olómi kan tó ki, ni ọ̀pọ̀ kòkòrò ń kó sára kí omi ara wọn má baà dì.

Ẹ tún wo ìdin Polypedilum vanderplanki, kòkòrò kékeré kan tó jọ ẹ̀fọn, tó ń gbé inú kòtò omi orí àpáta ní Àríwá Nàìjíríà wa. Bí omi bá gbẹ, òun náà á gbẹ, ṣúgà kan, trehalose, á rọ́pò omi ara rẹ̀. Ní 1960, Hinton, onímọ̀ nípa kòkòrò, kọ ọ́ pé ìdin gbígbẹ náà fara da ooru 102°C fún ìṣẹ́jú kan. Bí òjò bá rọ̀, á tún máa mira.