Ọmọ Mi Ní Òun Ni Pẹ́ńgúìnì Yẹn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ mi ò kúrò nídìí fíìmù Happy Feet. Ó ní òun ni Mumble, pẹ́ńgúìnì inú rẹ̀ tí kò mọ orin kọ, torí wọ́n yọ òun kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ṣé kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni?
— Abiyamọ, Ìjàpó, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbà á o! Èmi náà wo fíìmù 2006 yẹn. Gbogbo pẹ́ńgúìnì ló ń kọrin; ti Mumble, igbe ni, àfi ijó. Ó wá ń la ẹnu lásán níwájú Gloria, abo pẹ́ńgúìnì tó wù ú, Ramón ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bá a kọrin lẹ́yìn. Gloria tètè fura! Ibẹ̀ ni àánú Mumble ti ṣe mí. Ẹ bá olùkọ́ akọrin sọ̀rọ̀, kí wọ́n fún ọmọ ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Bàbá ilé tèmi gan-an ò mọ orin kọ; nídìí ìlù ni mo ti rí i.