Òdòdó wo ló lè máa tanná lọ́dọọdún lábẹ́ igi máńgòrò ní Ìkòròdú?

Ẹ gbin tètèrègún. Inú igbó tútù, lábẹ́ àwọn igi ńlá, ló ti máa ń hù fúnra rẹ̀ nílẹ̀ wa, nítorí náà ibi tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé bá a lára mu. Ewé rẹ̀ ń lọ́ yí ọ̀pá rẹ̀ ká bí àtẹ̀gùn, òdòdó rẹ̀ funfun, inú rẹ̀ sì ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹ gé ọ̀pá rẹ̀ kan, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà òjò, yóò gbilẹ̀.

Peace lily náà dára, àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì sábà máa ń ní in. Tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ewé rẹ̀ á rọ wọ̀ọ̀. Ẹ bomi rin ín, á tún nàró. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé jẹ ewé rẹ̀ o, ó máa ń ta ẹnu gan-an.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ixora tàbí bougainvillea síbẹ̀. Oòrùn ni wọ́n ń fẹ́. Ewé lásán ni wọn yóò máa yọ.

Ìṣòro yín gan-an ni gbòǹgbò máńgòrò, torí ó ń fa omi ilẹ̀ tán. Ẹ gbẹ́ ihò sáàárín gbòǹgbò, ẹ má gé àwọn tó tóbi. Ẹ po ewé jíjẹrà mọ́ iyẹ̀pẹ̀, ẹ má sì kó o jọ sídìí igi. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ bomi rin wọ́n dáadáa lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.