Baba wà lókè òkun: ta ni wálíì ọmọ?

Ìbéèrè: Àáfà, Libreville ni mo wà. Ọmọbìnrin mi fẹ́ ṣe yìgì ní Kétu lóṣù tó ń bọ̀, mi ò sì lè wá. Àáfà ibẹ̀ ní torí pé mi ò sí nílé, òun ló di wálíì, ẹni tó láṣẹ láti fa ọmọ fún ọkọ, kí n fi 40,000 sẹ́fà ránṣẹ́ fún ìwé rẹ̀. Àbí kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ má fi sẹ́fà kankan ránṣẹ́. Irú ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi gbọ́ ní Àjàṣẹ́ níbí.

Ọmọ kì í di aláìní-wálíì torí pé baba rẹ̀ wọ bàálù. Ní ìlànà Màlíkì tí à ń tẹ̀ lé, wálíì jẹ́ òpó nínú yìgì. Ẹ wà láyé, orí yín pé, fóònù yín ń dún: ẹ̀yin ni wálíì. Ìgbà tí kò bá sí wálíì rárá, tí wọ́n wá a tì, tàbí tó kọ̀ láìnídìí, ni adájọ́ tàbí aṣáájú Mùsùlùmí ń bọ́ síbẹ̀. Èwo nínú rẹ̀ ló kàn yín? Wáàsí àti àdúà niṣẹ́ àáfà tó bá so yìgì. Òun kọ́ ló lọmọ.

Wákíìlì lẹ nílò, ẹni tí ẹ rán níṣẹ́. Nígbà tí Ànábì fẹ́ ìyá wa Ummu Habiba, Habaṣa (Etiópíà) nìyá wà, Mẹ̀dínà ni Ànábì wà. Amr bin Umayya ló rán. Khalid bin Sa'id ló dúró fún ìyàwó.

Ẹbí ìyá kì í ṣe wálíì, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹnu ara yín yan ẹ̀gbọ́n yẹn, tó jẹ́ Mùsùlùmí, tó ti bàlágà, tọ́pọlọ rẹ̀ pé, ó di wákíìlì. Ìwé ò pọndandan. Ẹ pè é lórí Wọ́ọ̀sáàpù kí ẹlẹ́rìí méjì máa gbọ́, kí ẹ dárúkọ ọmọ, ọkọ àti iye sàdáákì, owó orí ìyàwó. Kò láṣẹ láti pààrọ̀ ọkọ o. Lọ́jọ́ yìgì, kó má sọ pé "mo fi ọmọ mi fún ọ". "Ọmọ lágbájá, tó fi mí ṣe wákíìlì" ni kó wí.

Ẹ bi ọmọ fúnra rẹ̀ náà. Kí wọ́n sì lọ sí mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú: lójú òfin ẹbí Bẹ̀nẹ̀ ti 2004, yìgì nìkan kì í ṣe ìgbéyàwó, ọmọ sì gbọ́dọ̀ pé ọdún 18.

Bí ìjà bá wà nínú ẹbí, ẹ má fi ìdáhùn mi jà á. Ẹ wá aṣáájú tó lè gbọ́ tọ̀tún-tòsì. 40,000 yẹn, ẹ fi ra aṣọ fún ọmọ.