Líìfù aláìgbowó: ọdún méjì ló lọ, kì í ṣe gbogbo rẹ̀

Ìyá Tólú, òkun o. Ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀ yẹn. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi nìyí: ẹ wọṣẹ́ tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìsánlú, ìpínlẹ̀ Kogí, ní oṣù kẹsàn-án 2003, ẹ gba líìfù aláìgbowó ọdún méjì láti tọ́jú màmá tí rọpárọsẹ̀ kọlù, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ wá kúrò ní oṣù kẹsàn-án 2019 láti bá bàbá Tólú ní Texas. Ẹ ti wá fẹ́ béèrè ẹ̀tọ́ yín báyìí, ẹnì kan sì ní líìfù yẹn ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Irọ́ ni. Ó dín in kù ni.

Nínú ìlànà péńṣàn àtijọ́ tí a bá lẹ́nu iṣẹ́, ọdún 5 ti tó gba gíráṣúítì (owó tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ẹni tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́), ọdún 10 ti tó gba péńṣàn. Ẹni tó ṣe ọdún 10 yóò gba 100% owó ọdún kan tó ń gbà kẹ́yìn gẹ́gẹ́ bíi gíráṣúítì, péńṣàn rẹ̀ á sì jẹ́ 30% owó yẹn lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún kọ̀ọ̀kan ń fi 8% kún gíráṣúítì, ó ń fi 2% kún péńṣàn, títí á fi di 300% àti 80% ní ọdún 35. Ọdún tí ẹ fi wà ní líìfù aláìgbowó kò sí nínú kíkà. 14 ni tiyín, kì í ṣe 16: 132% dípò 148%, 38% dípò 42%. Ká ní ₦600,000 ni owó ọdún yín nígbà náà, ₦96,000 ló lọ nínú gíráṣúítì, ₦2,000 lóṣooṣù nínú péńṣàn. Ó dunni, àmọ́ kò tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ fi ìyókù sílẹ̀.

Ẹ má fi ti Texas wé e o. Lọ́dọ̀ yín, tíṣà tó bá ti ṣiṣẹ́ 90 ọjọ́ nínú ọdún ẹ̀kọ́ kan, odindi ọdún ni wọ́n ń kọ fún un. Déètì ni tiwa ń wò.

Líìfù ìbímọ Tólú wà nínú kíkà, torí wọ́n sanwó fún yín. Oṣù tí owó kò wọlé nígbà tí wọ́n ń yẹ òṣìṣẹ́ wò ní 2016 ńkọ́, àti àwọn oṣù tí wọ́n ń fún wa ní ìdajì owó oṣù? Ìyẹn kì í ṣe líìfù. Ẹnu iṣẹ́ lẹ wà, ìjọba ló jẹ yín lówó. Ẹ má jẹ́ kí akọ̀wé kankan da méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù fún yín ni fáìlì. Èmi náà gba oṣù mẹ́jọ ní 2009 nígbà tí ọkọ mi wà ní ọsibítù ní Ìlọrin. Nígbà tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣí fáìlì mi níwájú mi ní ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ. Èèpo rẹ̀ ti gbó bí ewé kókò gbígbẹ, bírò pupa ni wọ́n fi kọ nọ́ńbà sí igun òkè ojú ìwé kọ̀ọ̀kan: 41, 42, ó di 45. Lẹ́tà tí wọ́n fi gbà kí n lọ àti èyí tí mo fi padà wọṣẹ́ ni 43 àti 44. Akọ̀wé wò mí, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ò sá níṣẹ́ báyìí?" Ẹ̀dà tí mo fi pamọ́ sínú Bíbélì ló yọ mí. Sísá níṣẹ́ lè di lílé kúrò, ẹni tí wọ́n bá sì lé bẹ́ẹ̀, gíráṣúítì lọ, péńṣàn lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù, ẹ kọ lẹ́tà àṣẹ fún àbúrò yín tó wà nílé, kí nótárì fòǹtẹ̀ lù ú, kí ẹ so ẹ̀dà páspọ́ọ̀tù mọ́ ọn. Kó lọ sí LGEA (ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀) ní Ìsánlú, kó ní òun fẹ́ rí àkọsílẹ̀ iṣẹ́ yín, kó sì ya lẹ́tà méjèèjì ní fọ́tò. Bí wọn kò bá sí níbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ yín ni kó gbà lọ. Ọ̀gá àgbà máa ń kọ ọ́ sínú lógíbúùkù lọ́jọ́ tí tíṣà bá padà wọṣẹ́. Ẹ tún gba sítétímẹ́ǹtì báńkì tó fi oṣù tí owó dúró àti oṣù tó tún bẹ̀rẹ̀ hàn.

Ẹ wo àkọlé lẹ́tà tí ẹ fi kúrò pẹ̀lú. Kíkọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ àti fífẹ̀yìn tì fúnra ẹni kì í ṣe ọ̀kan náà lójú wọn. Bí ẹ kò bá tíì pé ọmọ ọdún 45, gíráṣúítì nìkan lẹ lè béèrè ná; péńṣàn á dúró dè yín.

Ẹ̀yin tíṣà sẹ́kọ́ńdìrì, TSC (àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ tíṣà sẹ́kọ́ńdìrì) ní Lókọ́ja ni tiyín. Ẹ̀yin ti Federal Girls ní Kàbà, tó jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, ti yín yàtọ̀ pátápátá: 8% owó oṣù láti ọwọ́ yín, 10% láti ọwọ́ ìjọba, nínú àpò ìfẹ̀yìntì yín. Oṣù tí kò sówó, nǹkan kan kò wọ ibẹ̀.

Ìyá Tólú, tí àbúrò yín bá ti rí fáìlì, ẹ kọ nọ́ńbà bírò pupa orí lẹ́tà méjèèjì síbí, màá sọ èyí tó kàn.