Mo fẹ́ fi Múṣin sílẹ̀ lọ gbé inú oko: kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Yàrá kan ni mò ń gbé ní Múṣin, ariwo àti èéfín jẹnẹrétọ̀ sì ti sú mi. Mo ti ra pulọ́ọ̀tì kan lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Mo fẹ́ fi pákó kọ́lé síbẹ̀, kí n máa jẹ ohun tí mo bá gbìn. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra pákó. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹnì kan tó ń mu, tó ń dáná, tó ń wẹ̀, tó sì ń fọṣọ á lo nǹkan bí i lítà 50 lóòjọ́, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì. Ní Múṣin, mẹ́ruwà á gbé e dé ẹnu ọ̀nà yín. Nínú oko, ẹ̀yin lẹ máa rù ú.

Omi òjò dára. Bí òjò bá rọ̀ tó mìlímítà 10 sórí páànù tó gùn ní mítà 8, tó sì fẹ̀ ní mítà 5, lítà 400 ló ń bọ̀ wá. Ẹ yọ èyí tó máa dànù kúrò, nǹkan bí 320 á wọ táǹkì. Ẹ jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ fọ ìdọ̀tí orí páànù dànù ná. Lóṣù kẹfà, táǹkì onílítà 2,000 á tètè kún. Àmọ́ 40 ọjọ́ péré ni yóò gbé yín, ọ̀gbẹlẹ̀ sì máa ń gùn láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta.

Ìyẹn lẹ fi nílò kànga. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n á gbẹ́ ẹ nígbà òjò, omi á tètè yọ, wọ́n á ní ó ti tó. Tó bá di oṣù kejì, kànga á gbẹ. Oṣù kejì tàbí ìkẹta gan-an ni kí ẹ gbẹ́ ẹ, nígbà tí omi ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ẹ tọ́ ọ wò pẹ̀lú: nítòsí ọ̀sà àti òkun, omi lè níyọ̀, sísè kì í sì í mú iyọ̀ kúrò.

Ṣáláńgá gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga tó mítà 30, kó má sì wà lápá òkè rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ nìyí: pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 kò ju nǹkan bíi mítà 18 sí 36 lọ. Kànga á wà ní ìpẹ̀kun kan, ṣáláńgá ní ìpẹ̀kun kejì. Bí aládùúgbò yín bá wá gbẹ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kànga yín ńkọ́? Ẹ bá a sọ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ ilé.

Ẹ gbé ìwé sọ́fè, ìyẹn ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ yín, lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀ ìjọba Èkó, ní Aláúsá, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Èyí kò gbọ́dọ̀ pẹ́ rárá.

Ní ti oúnjẹ, tẹ̀tẹ̀ á tó já lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, àgbàdò á tó oṣù mẹ́ta, ẹ̀gẹ́ á tó oṣù mẹ́sàn-án sí méjìlá. Pulọ́ọ̀tì kan kò lè bọ́ yín tán. Ẹ má fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ má sì dá yàrá Múṣin padà, títí ẹ ó fi sùn nínú oko náà la ọ̀gbẹlẹ̀ kan já.