Èsì: Ṣé táńkì 7.8 lítà lè dé Deadhorse?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ètò ìrìn. Rárá o, táńkì tó bá alùpùpù Honda CRF300L yín wá kò lè gbé yín láti Coldfoot dé Deadhorse. Lítà 18 ó lé díẹ̀ ni kí ẹ múra sílẹ̀ fún.

Ọ̀nà Dalton ní Alaska ni, kìlómítà bíi 386 sì wà láàárín ibi méjèèjì láìsí ilé epo kankan. Lórí ọ̀dà, lítà kan lè rin kìlómítà 30. Ṣùgbọ́n ẹrù ń bẹ lẹ́yìn, atẹ́gùn ń kọjú sí yín, ẹrẹ̀ ń fa táyà: ẹ fi 25 ṣírò. Lítà 15 ó lé nìyẹn, kí ẹ tó fi ìdá kan nínú márùn-ún kún un. Èmi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni yọ ìdá yẹn.

Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan yìí péré, ẹ má ra táńkì ńlá. Kẹ́ẹ̀gì tó gba lítà 11 lápapọ̀ ti tó, bíi kílò 8. Ẹ so wọ́n sí ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì. Ẹ má kó wọn sí ìdí alùpùpù pátápátá, torí iwájú á fúyẹ́, kò sì ní gbọ́ràn nínú ẹrẹ̀. Ẹ má kún wọn dé ẹnu. Bí táńkì bá ti dé ìlàjì, ẹ dà á sí i.

Tí irú ọ̀nà báyìí bá máa pọ̀ fún yín, táńkì oníke ńlá ló dáa jù, torí àárín orúnkún yín ni ẹrù epo á wà.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ kún táńkì, ẹ di gbogbo ẹrù, ẹ rin kìlómítà 100, kí ẹ tún un kún. Ẹ fi iye lítà tó bá wọlé pín 100, kí ẹ fi èsì rẹ̀ rọ́pò 25 tèmi.